Ọkàn Kan fún Ìrìn-àjò Tàílándì

Ọkàn kan ṣoṣo ló kù kí Màmá Felicia tó lè wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Tàílándì.

Pásítọ̀ Mobáyọ̀ ló fi òfin náà lélẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Forestville nílùú òyìnbó. Ẹni tó bá máa bá wọn lọ wàásù fáwọn ẹlẹ́sìn Búdà lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ẹlẹ́sìn Búdà kan wá sínú omi ìrìbọmi níbí. Sìstá Bridget ti mú tirẹ̀ wá, ayálégbé tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé rẹ̀. Àwọn kan ní owó ilé ló yí ìyẹn lọ́kàn padà, kì í ṣe Ẹ̀mí Mímọ́.

Màmá Felicia fẹ́ lọ. Látìgbà tó ti wá bá Déolú ọmọ rẹ̀ ní Glenn Dale ní '93, ọmọ ọmọ ló ń tọ́jú. Kò mọ̀ ju ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó ti ra báàgì. Ó tiẹ̀ ti kó aṣọ sí i.

"Mọ́mì, ta ló máa wá máa lọ mú ọmọ wá láti ilé ìwé?" Déolú bi í.

"Ẹni tó bí i."

Ilé tó tẹ̀ lé tiwọn ni Malee ń gbé, obìnrin Tàílándì kan tó ń ránṣọ nílé. Ère Búdà kékeré kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ọsàn méjì wà níwájú ẹ̀. Màmá Felicia gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lọ síbẹ̀. Òyìnbó táwọn méjèèjì gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó wọn lò.

"Ta ló ń jẹ ọsàn yẹn?"

"Èmi ni, tó bá di alẹ́."

"O ò rí i pé òun ò lè jẹ ẹ́."

Malee rẹ́rìn-ín. "Kò tọrọ ẹ̀ rí, Màmá."

Màmá Felicia ń lọ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó wàásù ọ̀run, ó wàásù iná. Malee ń gbọ́, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ. Nígbà tí òtútù dé, ó gba kóòtù Màmá Felicia, ó bá a gán bọ́tìnnì tó já. Kò jiyàn rárá. Èyí ló sú Màmá Felicia jù: ẹni tí kò jiyàn, ibo lèèyàn fẹ́ ti gbá a mú?

Lọ́sẹ̀ tí Pásítọ̀ fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, Màmá Felicia gbé ìrẹsì dé, ṣùgbọ́n kò wàásù. Ó jókòó.

"Malee, wọn ò ní mú mi lọ. Ọkàn kan ni wọ́n ní kí n mú wá, mi ò rí. Bridget ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Malee dá ẹ̀rọ dúró. "Ohun tẹ́ ẹ ń wá ò ju ìyẹn lọ?"

"Kò jù ú lọ."

"Nílùú wa, tẹ́nì kan bá gbé abọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, a kì í jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo."

Màmá Felicia wo abọ́ ìrẹsì tó gbé wá. "Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Jẹun."

Malee jẹun. Nígbà tó yá, ó ní, "Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ńkọ́, Màmá? Ṣé omi yín máa ń gbóná?"

Ẹkún ayọ̀ ni Màmá Felicia sun délé.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Malee wọ aṣọ funfun tó bá a mu gẹ́lẹ́. Aránṣọ ni, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó mú fìlà rọ́bà wá fún irun ẹ̀. Kí Pásítọ̀ tó lanu, ó ti fọwọ́ kan gba àyà, ó ti fèkejì di imú. Ó rì, ó jáde, ó ṣe "Halelúyà" níbi tó yẹ.

"Ẹ wò ó bí Ẹ̀mí ṣe ń darí ẹ̀," Pásítọ̀ wí. "Ẹnì kankan ò kọ́ ọ."

Bridget náà bá wọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún Malee ní táwẹ̀lì tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì sí lára, bí wọ́n ṣe ń fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi. Pásítọ̀ sì ní kí Màmá Felicia mú páásìpọ́ọ̀tù wá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Malee ká táwẹ̀lì náà, ó gbé e lé orí ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ti àwọn Onítẹ̀bọmi àti ti ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Lake Arbor nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó pààrọ̀ ọsàn Búdà, ó sì sọ fún un pé ẹlòmíràn tó wá tọrọ lẹ́nu ọ̀nà ti rí nǹkan gbé lọ.