Ohùn Màmá Tíṣà àti Ètò Fáìlì Tí Ojúlọba Yàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ṣe ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Ẹ bá mi kà á délẹ̀, nítorí ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ká ní òmùgọ̀ ni, mi ò ní da yín láàmú.

1.
Ojúlọba ni wọ́n ń pe ayàwòrán kan, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Bó bá ya fídíò ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń wò ó á ti rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin níṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n sì jọ ń lò. Ẹ̀gbọ́n ń ya fídíò, àbúrò ń ṣe káàdì ìpè àti pátákó ìpolówó lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ọmọbìnrin náà fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ débi pé bó bá ń ronú, á fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́.

2.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ojúlọba ra dísìkì tuntun, ó jókòó láti gbé ètò ìṣiṣẹ́ tuntun, èyí tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ náà, sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó pín dísìkì náà sí méjì, apá kan fún kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, apá kejì fún iṣẹ́ àwọn oníbàárà. Nígbà tó kan apá iṣẹ́, kọ̀ǹpútà bi í pé irú ètò wo ni kí òun fi máa tọ́jú fáìlì.

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ètò fáìlì dà bí ọ̀nà tí èèyàn ń gbà to yàrá ẹrù. Irú kan wà tó jẹ́ pé, kó tó gbé ẹrù, á kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́ gbé eléyìí lọ síbẹ̀ yẹn. Bí iná bá lọ lójijì, tó sì padà dé, á wo ohun tó kọ, á mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Irú kejì kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó kàn ń gbé ẹrù lọ ni. Ohun tó dáa lára rẹ̀ ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí kọ̀ǹpútà tí kò lè kà á.

Èyí tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà dábàá. Ojúlọba yan ìkejì. Ó fẹ́ máa yọ dísìkì náà gbé lọ sílé oníbàárà, kó fi sára kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì máa pàtẹ́wọ́.

“Bọ̀dá mi,” àbúrò rẹ̀ ní, “ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ká má fi irú eléyìí síbi iṣẹ́. Ẹ ní orí fíláàṣì tí a fi ń kó fáìlì kiri ni ká ti máa lò ó.”

“Ẹni tí kò tíì mọṣẹ́ ni mo sọ ọ́ fún.” Ó rẹ́rìn-ín. “Èmi nìyí.”

Ọmọbìnrin náà padà sídìí káàdì ìpè tó ń ṣe. Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́?

3.
Nǹkan lọ geerege fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn gan-an ló sì ba nǹkan jẹ́. Àfi bí Màmá Tíṣà ṣe wọlé. Màmá yìí ló kọ́ ìdajì àwọn ará àdúgbò ní ìwé kíkà. Àwọn dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́nà ọ̀fun, wọ́n sì ti sọ fún un pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú oyún. Màmá fẹ́ pa ìtàn kan fún ọmọ tó ń bọ̀, kó sì súre fún un, kí ọmọ náà lè mọ bí ohùn ìyá àgbà rẹ̀ ṣe rí.

Ojúlọba ya fídíò náà bí ẹni gbé ẹyin dání. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí màmá má baà gbé ọrùn sókè. Nígbà tó ń gé e, ó gbọ́ ọ títí ó fi mọ gbogbo rẹ̀ lórí, àbúrò rẹ̀ sì ń rí i tó ń nu ojú. Ẹ ò rí i, èèyàn àtàtà ni.

Ṣùgbọ́n ó ti pa ohun tó wà nínú káàdì kámẹ́rà rẹ́, torí ó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ míì. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù, inú dísìkì yẹn ló wà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé màmá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fídíò náà lọ́wọ́ nígbà tí oníbàárà kan dé, tó ń yin Ojúlọba láti ẹnu ọ̀nà. Ojúlọba dìde kó lọ gba ìyìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ wáyà, kọ̀ǹpútà kú.

Nígbà tí wọ́n tún un tàn, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ jí láìsí wàhálà, torí ètò tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ló wà lápá ibẹ̀. Lápá iṣẹ́, ibi tí wọ́n kọ orúkọ Màmá Tíṣà sí ṣófo. Wọ́n gbé dísìkì náà lọ bá ẹni tó ń wá fáìlì tó sọnù. Ohun tó rí kó jọ kò ju àwòrán díẹ̀ lọ, ètè màmá ń mì, kò sí ohùn.

4.
“Bọ̀dá mi,” àbúrò rẹ̀ ní, “ẹ jẹ́ ká sọ pé dísìkì ló bàjẹ́.”

“Dísìkì kò bàjẹ́. Èmi ni mo yàn án bẹ́ẹ̀.”

Ó lọ sí ọsibítù, ó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò bu iyọ̀ sí i. Àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú ń tì í fún ìmọ̀ràn tó mú wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì tún ga lójú rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá sunkún láìsí ariwo, pẹ̀lú báńdéèjì lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ fún bírò, ó kọ ọ́ pé: “Ṣé o rántí ohun tí mo sọ?” Ojúlọba mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Màmá tún kọ ọ́ pé: “Bá mi sọ ọ́ fún ọmọ náà.”

Ojúlọba jókòó síwájú kámẹ́rà ara rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló yà á. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tí màmá ti dánu dúró tó rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ètò tó yẹ ni wọ́n lò, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbi púpọ̀.

Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ já gaara báyìí. Ó mọ ìtàn ìyá àgbà rẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n ohùn Ojúlọba ló fi mọ̀ ọ́n. Bí fídíò náà bá ti bẹ̀rẹ̀, màmá á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, á sì máa mi ètè tẹ̀ lé e láìsí ohùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí kọ̀ǹpútà tuntun bá bi yín ní irú ìbéèrè yìí, ẹ má ṣe yan èyí tí wọ́n á fi pàtẹ́wọ́ fún yín. Ẹ yan èyí tó máa rántí ibi tí ẹ dé bí ẹsẹ̀ bá kọ́ wáyà. Ẹ má sì pa ẹ̀dà kan rẹ́ kí òmíràn tó wà níbòmíì. Ẹni tó mọṣẹ́ jù ló yẹ kó ṣọ́ra jù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì rán an létí pé ìka tó tọ́ símú ni à ń fi romú.