Kọ̀ǹpútà Tó Wà Lábẹ́ Aṣọ

Kí ló dé tí "mi ò mọ̀ ọ́n" fi máa ń wúwo lẹ́nu àgbàlagbà tó bẹ́ẹ̀? Títí dòní, mi ò rí ìdáhùn. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ bá mi kà á parí kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Nígbà ìjà Bakassi, Yorùbá kan tó ń jẹ́ Elkanah ń ṣe tíṣà ní abúlé kan lẹ́yìn Douala, ní Kamẹrúùnù. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo wá sílé ìwé náà, wọ́n ní kó máa fi kọ́ àwọn ọmọ. Elkanah ò lò ó rí. Ṣùgbọ́n ojú burúkú ni wọ́n fi ń wo ọmọ Nàìjíríà lásìkò yẹn. Ó rò pé tóun bá sọ òótọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ló bá da aṣọ bo kọ̀ǹpútà, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sójú pátákó. Àwọn ọmọ wá ń fìka tẹ orí tábìlì bí ẹni ń tẹ dùùrù.

Sakinah, ọmọ Ṣàmsídéènì oníṣòwò, ló yára jù. Ó bẹ tíṣà pé kó jẹ́ káwọn fọwọ́ kan ti gidi.

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́? Ṣé bàbá ẹ ló máa ra òmíì?"

Ọmọ náà padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n pe Sakinah fún ìdánwò kọ̀ǹpútà ní Akwa, nínú ìlú Douala. Ẹni tó bá yege á kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́; bàbá rẹ̀ ò sì lágbára àtirán an lọ síbòmíì. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Bonapriso, àdúgbò àwọn olówó, tan tiwọn. Sakinah ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án. Ojú tì í láti béèrè. Ó gbọ́wọ́ lé e, ó sì tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wọn, látòkè délẹ̀, lórí ẹ̀rọ tó ṣókùnkùn.

Ọmọbìnrin tó jókòó tì í wò ó títí. "Ma chère, ọ̀rẹ́ mi, ṣé àdúrà lò ń gbà fún un ni?"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Wọn ò mú un.

Ṣàmsídéènì lọ bá Elkanah nínú kíláàsì. Kò pariwo. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án ká rí i."

Elkanah ká aṣọ kúrò. Ó fọwọ́ wá iwájú, ó wá ẹ̀yìn, òógùn bò ó.

"Bàbá Sakinah, ẹ forí jì mí. Èmi náà ò tàn án rí."

"Òótọ́ tó dé lẹ́yìn ìdánwò, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Elkanah ò dúró lábúlé yẹn mọ́. Ní Madagascar, àdúgbò kan ní Douala, ló ti ń ta bàtà báyìí. Tó bá rí ọmọ tó kọ́ rí, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìbẹ̀rù ba ọ̀la ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ bi ọmọ yín léèrè: ṣé o ti fọwọ́ kàn án, àbí wọ́n kàn yà á fún ẹ ni? Ẹ sì kọ́ wọn kí wọ́n má tijú ìbéèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ó pẹ́ gan-an kí Martine, ìyáàfin tó bójú tó ìdánwò ọjọ́ náà, tó sọ fún mi pé títan ẹ̀rọ ò ní máàkì kankan. Ọmọ tó bá ti nawọ́ sókè, àwọn ló máa ń bá a tàn án.