Wàrà Akọ Màlúù

Ìkánjú ló ba ti Ọlágòkè jẹ́. Iṣẹ́ tí èèyàn ń fara balẹ̀ ṣe, òun á ti parí ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Tó o bá ní kó tún un wò, á ní, "Mo ti rí i!" Bẹ́ẹ̀ kò rí nǹkan kan.

Fura tí wọ́n ń fi ọkà jéró ṣe, àti nónò, wàrà kíkan yẹn, ni ìyá ẹ̀ ń tà ní Dadin Kowa, ní Jos, títí tó fi kú. Wàrà ìyá náà ò ní àbùlà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí i. Ọlágòkè jogún ọjà náà. Kò pẹ́, Màdáámù Ìbílọlá, ọ̀gá iléèwé kan, ní òun fẹ́ máa gba nónò fún gbogbo ọmọ iléèwé òun. Ó ku kó wá wò ó. Háà! Inú Ọlágòkè dùn débi pé ó ń fò!

"Ike lásán kọ́ la máa gbé fún wọn!" Ó fa fóònù yọ, ó ní kí AI ya màlúù tó ń ṣe wàrà, kóun fi ṣe lébẹ́ẹ̀lì. Kó tó ṣẹ́jú, ó ti jáde! Màlúù ń dán gbinrin, koríko tútù yọ̀yọ̀, lẹ́tà wúrà lókè.

"Kai! Kíkẹ́, wá wò ó!"

Kíkẹ́lọmọ àbúrò ẹ̀ sáré dé. "Ó rẹwà o, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ ká rọra wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ tẹ̀ ẹ́."

"Mo ti rí i!"

Igi tó máa gún ni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọlágòkè ò wo igi kankan. Ó sáré lọ tẹ̀ ẹ́ rẹpẹtẹ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ike.

Màdáámù dé, àwọn oníbàárà kún ibẹ̀. Ó gbé ike kan, ó yí i, ó tún un yí.

"Ọlágòkè, akọ lèyí, àbí abo?"

"Abo ni, mà! Ọmú ẹ̀ nìyẹn."

"Mo rí ọmú. Kí ló wá wà lẹ́yìn ọmú yẹn?"

Qasim oníkẹ̀kẹ́ yọjú wò ó, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Haba! Kórópọ̀n ni! Bijimi ni wallahi, akọ màlúù gidi! Nonon bijimi!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín kèékèé. Ọlágòkè na fóònù ẹ̀ sí Màdáámù. "Mà, AI ló yà á o!"

"Ìwọ lo lẹ̀ ẹ́. Jos yìí náà, tí màlúù ń gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá láràárọ̀! Ìta ike, o ò wò ó. Inú ike ńkọ́, ta ló ń bá ẹ wò ó?" Ó gbé ike sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á. Àwọn tó ti ń mu wàrà ìyá ẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé kí ló ń bù sí i. Ó bó gbogbo lébẹ́ẹ̀lì yẹn kúrò, àmọ́ orúkọ ò ṣeé bó. Ibi tó bá yà sí, "Mai nonon bijimi!" ni, oníwàrà akọ màlúù. Nígbà tí ò sẹ́ni tó ń ra wàrà ẹ̀ mọ́, àpò ọ̀dùnkún ló ń bá oníṣòwò rù báyìí. Igbá tí ìyá ẹ̀ fi ń ta nónò wà ní àdojúdé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o! AI lè bá yín ya àwòrán, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ fojú ara yín wò ó, kẹ́ ẹ fi han ẹlòmíì, kó tó kan ọjà yín. Ohun tí oníbàárà bá rí níta ló fi ń mọ bó o ṣe ń tọ́jú tinú. Ẹ̀rọ ò lórúkọ tó lè bàjẹ́. Ìwọ lo ní.