Odó Tó Là Lọ́wọ́ Oníyán

Ní abúlé Ìdí-Apá, odó gbígbẹ́ ni iṣẹ́ ìdílé Ọnàdípẹ̀. Ọwọ́ Ọnàwùmí àbúrò rẹ̀ yá sí iṣẹ́ náà, ẹ̀yin ọmọ, àmọ́ ìwàǹwára rẹ̀ pọ̀ jù. Igi tó gé láàárọ̀ ti fẹ́ di odó kó tó dalẹ́, bó bá sì ti tà á tán, ó ti gbàgbé ẹni tó rà á.

Ọnàdípẹ̀ ní tirẹ̀ kì í gbé ìtì igi kúrò lóko láìgbin ọmọ igi apá mìíràn sẹ́bàá kùkùté. A tún máa tọ́jú ìtì náà sábẹ́ òjìji títí yóò fi gbẹ dénú. Ọnàwùmí a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé odó lẹ̀ ń gbẹ́ ni, àbí ọmọ lẹ̀ ń tọ́?"

"Méjèèjì ni. Odó tí mo bá gbẹ́, èmi ni mo ni ín títí yóò fi di eérú."

Lọ́jọ́ ọjà kan, Ìyá Adéṣewà oníyán gbé odó Ọnàwùmí padà wá. Odó tuntun ti là, èérún igi ń bá iyán wọnú abọ́, àwọn awakọ̀ tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ti ń sá lọ.

"Mo ti tà á, Ìyá. Ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀," ni Ọnàwùmí wí.

Omi bọ́ lójú obìnrin náà, nítorí iyán yìí ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ni Ọnàdípẹ̀ bá jáde.

"Ẹ má sunkún mọ́, ìyá wa. Ilé wa ló ti jáde."

Ó fún un ní odó gbígbẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fi ìdí èyí tó là gbẹ́ àpótí ìjókòó, ó kó ìyókù fún àwọn tó ń yan ẹja, ìyàwó rẹ̀ sì fi eérú rẹ̀ se ọṣẹ. Ọkùnrin mẹ́ta ni Ọnàdípẹ̀!

Ìyá Adéṣewà kò panu mọ́ rárá; ó ròyìn ọ̀rọ̀ náà ká gbogbo ọjà. Láti ọjọ́ náà, àwọn oníbàárà á kí Ọnàwùmí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí irun Ọnàwùmí fi máa funfun, kò sí igi apá kankan lóko mọ́ àfi èyí tí Ọnàdípẹ̀ gbìn. Ojú tì í gidigidi bó ṣe dọ̀bálẹ̀ pé kí ẹ̀gbọ́n òun ṣàánú òun.

"Gé ọ̀kan," ni Ọnàdípẹ̀ wí, ó sì na ọmọ igi kan sí i. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbin èyí."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá ń ṣòwò, kó tọ́jú ibi tí ọjà rẹ̀ ti wá, kó sì tọ́jú ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù.