Gàárì Tó Wà ní Pálọ̀ Búṣáíbù

Àbùkù kan ṣoṣo ni Búṣáíbù ní, àmọ́ ó tó o: ó fẹ́ràn kí àlejò máa wo nǹkan ju kí òun lo nǹkan náà lọ. Bí ẹ bá bu omi fún un nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ife ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nílẹ̀ Dùkálà tiwa níbí, abúlé kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin tirẹ̀. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, wọn á tò sórí ìlà kan, wọn á sáré pọ̀, wọn á sì yin ìbọn ní ohùn kan ṣoṣo. Ọwọ́ ọ̀tún olórí ẹlẹ́ṣin ni àyè ìdílé Búṣáíbù láti ayé baba ńlá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi àyè náà sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú gàárì pupa tí wọ́n fi òwú fàdákà ṣe ọnà sí, àti abo ẹṣin kan tó ń jẹ́ Masúda, ìyẹn Olóríire. Òfin ibẹ̀ kò ní àlàyé púpọ̀: ẹni tí kò bá rí ẹṣin gùn lọ́jọ́ àjọ̀dún, àyè rẹ̀ di ti ìdílé mìíràn, kì í sì í padà.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Búṣáíbù lọ kí àna rẹ̀ ní Kasabuláńkà. Ó bá pálọ̀ tí wọ́n fi àwòrán eré ẹṣin, pàṣán àti irin pátákò ẹṣin ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ yí ká. Àna yìí kò gun ohunkóhun rí ju àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn àlejò rẹ̀ ń la ẹnu. Ẹnu tí wọ́n là yẹn ni Búṣáíbù gbé bọ̀ wálé.

Ó gbé gàárì wọ pálọ̀, ó gbé e ka orí àpótí lábẹ́ fèrèsé. Ó sọ irin ìtẹsẹ̀ rẹ̀ di ibi ìgbé fìtílà. Ìjánu ló fi yí dígí ká.

Támù ìyàwó rẹ̀ dúró, ó ń wò ó. "Olówó orí mi, kí ni Masúda yóò wá máa wọ̀?"

"Ṣé wọ́n pè é síbi ìgbéyàwó ni?"

Kò pẹ́, ó ní kinní kan ṣì kù lára dígí. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó lọ gé irun iwájú orí Masúda, ó sì fi rọ̀ sára dígí bíi wajawaja.

Hájì Mílúdù, olórí ẹlẹ́ṣin, wá mu tíì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tó rí irun náà, ó gbé ife sílẹ̀.

"Búṣáíbù, irun ta nìyẹn?"

"Ti Masúda ni, Hájì. Ó dára, àbí?"

"Ó mà dára o! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò mọ̀ pé Ànábì ní ibẹ̀ ni wọ́n so oore mọ́? Irun iwájú orí ẹṣin! Àní títí di ọjọ́ àjíǹde!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Oore náà ò lọ síbì kan. Ó wà lára dígí, ẹ ṣáà ń wò ó."

Hájì ò mu tíì yẹn tán. "Mú ẹṣin wá lọ́jọ́ àjọ̀dún. Dígí ò ṣeé gùn."

Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ àgbà ò bá ṣẹ láàárọ̀, yóò ṣẹ lálẹ́. Ti Hájì kò tilẹ̀ dúró di alẹ́.

Àlejò ń pọ̀ sí i, Búṣáíbù ní pálọ̀ ti kéré. Ilé Masúda ló bá fọ̀, tó kùn lẹ́fun, tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, tó sọ di yàrá àlejò. Ọpọ́n tí ẹṣin fi ń jẹun di tábìlì. Ó lọ so Masúda mọ́ ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́. Òjò ọdún yẹn kò ṣeré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá Masúda nílẹ̀, ó ti kú, ó kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Támù sunkún. Ó dun Búṣáíbù náà. Ó gé ìrù rẹ̀ kí wọ́n tó wọ́ ọ lọ, ó ní yóò wúlò fún kọ́tìnnì.

"Ẹṣin pọ̀ lọ́jà," ló wí. Òótọ́ ni, wọ́n pọ̀. Àmọ́ gbogbo èyí tó bá fà wá ni yóò dúró gbọn-in lẹ́nu géètì, tí yóò máa gbọ̀n. Bí wọ́n bá sì gbé gàárì pupa jáde sí i, yóò nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, yóò já okùn. Àwọn ará abúlé gbọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ yá a ní ẹṣin mọ́.

Inú ilé náà wá yàtọ̀. Lọ́sàn-án gangan, gàárì á gbóná, òógùn á máa kán lára rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Àlejò tó jókòó nídìí dígí ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń mí sí mi lọ́rùn?" Òmíràn fẹ̀yìn lélẹ̀ ní yàrá àlejò, ó jáde kíá, bàtà lọ́wọ́, ó ní ẹnìkan ń jẹ ọkà bálì létí òun. Irun ara dígí sì ń gùn. Támù gé e. Ó tún hù.

"Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo nǹkan Masúda lọ sin sọ́dọ̀ ẹ̀," ni Támù wí.

"Kí pálọ̀ wá máa dà bíi ti ta?"

"Ẹ̀rù ò kúkú bà mí. Èmi kọ́ ló ń wá."

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Búṣáíbù ò lẹ́ṣin, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ní pápá, Hájì fi àyè ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ lófìfo nínú eré àkọ́kọ́. Ojú ń ti àwọn èèyàn láti wò ó. Nígbà tó ṣe, ó juwọ́ sí ọmọ alágbẹ̀dẹ: "Bọ́ síbí." Ìlà pé. Ìbọn dún.

Búṣáíbù gbọ́ ọ ní pálọ̀: ohùn kan ṣoṣo, kò sí àlàfo nínú rẹ̀. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó wo gàárì baba rẹ̀ títí. Ó gùn ún. Ó kàn fẹ́ mọ bí ì bá ti rí ni.

Támù ń bu kuskusi nílé ìdáná nígbà tó gbọ́ pátákò ẹṣin lórí kápẹ́ẹ̀tì, kìtìkìtì, láti ògiri dé ògiri. Ó sáré wọlé. Gàárì wà ní àyè rẹ̀, òógùn ń kán lára rẹ̀. Búṣáíbù wà nílẹ̀ ní òdìkejì yàrá, egungun ìbàdí rẹ̀ ti fọ́, irun ẹṣin kún ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣe yín?" ni dókítà bi í.

"Mo já bọ́ lórí ẹṣin."

"Ní pápá àjọ̀dún?"

"Rárá. Ní pálọ̀."

Dókítà wo Támù. Támù ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o, Dókítà. Ẹṣin ẹ̀ ni."

Búṣáíbù ò lè dìde rìn mọ́. Pálọ̀ ló ń jókòó sí. Àlejò ò wá mọ́. Òun nìkan ló ń wo àwọn nǹkan náà, àwọn nǹkan náà sì ń wò ó. Wọ́n ní bí ẹṣin bá da ni, à á tún un gùn ni. Èwo ni Búṣáíbù fẹ́ tún gùn?

Ẹ̀yin tí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má torí ẹ̀ lọ já àwòrán ẹṣin ara ògiri yín sílẹ̀. Àwòrán ò ṣẹ̀ wá. Ohun tí mo ń wí ni pé ogún tí baba ẹni fi sílẹ̀, lílò là á lò ó, títọ́jú là á tọ́jú rẹ̀, kó lè gbé ni débi tó yẹ ká dé. Ẹni tó bá bọ́ nǹkan lára alààyè kó lè fi ṣe ògiri rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, òun àti ògiri náà ni yóò jọ kù sílé. Oore tí a bá sì gé ká lè fi ṣe ẹ̀ṣọ́, ẹ̀rù ló ń dà.