Ejò Inú Àpótí Gíláàsì

Bíríkìlà náà pa ejò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ni ín. Àwọn ará àdúgbò sì ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹ̀dá tí wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Bàbá náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó tilẹ̀ nawọ́ pé òun fara mọ́ ọn.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni ọmọ náà ń kọ́ ní yunifásítì. Bó bá wálé lópin ọ̀sẹ̀, yóò kó tọmọdé tàgbà jọ sí gbọ̀ngàn àdúgbò, yóò máa kọ́ wọn kí wọ́n fi fóònù ya ohunkóhun tí wọ́n bá rí nínú igbó ẹ̀yìn ilé, kí wọ́n má fi igi lé e. Wọ́n ń gbọ́. Télọ̀ tí kì í rí alángbá kó má sọ òkò ti ń yà á ní fọ́tò báyìí.

Ejò nìkan ni ọkàn wọn kò gbà. Ìdí nìyẹn tó fi gbé ọ̀kan wá nínú àpótí gíláàsì.

“Paramọ́lẹ̀ nìyí,” ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà.

“Jíjọ ló jọ ọ́, Bàbá mi. Ẹyin ló ń gbé mì. Kò léyín.”

Ó la ẹnu ejò náà hàn wọ́n. Lóòótọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Bíríkìlà,” ni télọ̀ wí, “ò ń gun ilé alájà mẹ́rin, ejò akáyín ló wá ń lé ọ kiri.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó yá, ọmọ náà gbàgbé láti de ìdérí àpótí, ejò sì jáde. Ó wá a títí, ó bá a lábẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì nínú yàrá irinṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ó dì í mú lẹ́yìn orí, ó dá a padà. Láti ọjọ́ náà, bàbá kò lè wọ yàrá náà láìkọ́kọ́ fi igi gbá ilẹ̀kùn. Ògiri tó mọ lọ́sẹ̀ náà wọ́, wọ́n sì ní kó wó o.

Ẹyin wà nínú àpótí, ejò kò fọwọ́ kàn án.

“Kí ló dé tí kò jẹun?”

“Awọ ló fẹ́ bọ́, Bàbá mi. Inú máa ń bí i nígbà yẹn.”

“Inú ń bí i, o sì fẹ́ kí àwọn ọmọ dì í mú?”

“Ẹ̀rù ló ń bà á. Bó ṣe ń bà yín náà ni.”

Ọmọ náà ti ṣèlérí pé lọ́jọ́ Sátidé, ọmọdé kọ̀ọ̀kan yóò gbé ejò náà lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé e.

“Jẹ́ kí wọ́n máa wò ó nínú gíláàsì,” ni bàbá bẹ̀ ẹ́. “Mo bẹ̀ ọ́.”

“Bí ọmọ ọmọ yín bá sá, ta ni yóò dúró? Wọn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Gbogbo làálàá mi á wọgbó.”

Láàárọ̀ Sátidé, bàbá ṣí àpótí, ó sì lo ṣọ́bìrì. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún. Alága àdúgbò ní kí bíríkìlà dìde, kó tọrọ àforíjì lójú gbogbo ènìyàn.

“Àgbà tó nawọ́ tán, tó tún ká a kò,” ni télọ̀ wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà ti gbé òkú ejò wá nínú abọ́. Ó fẹ́ fi ẹnu rẹ̀ hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n pàdánù. Ó fi pẹ́ńsù là á. Ó wò ó pẹ́.

“Ẹ̀yin ará àdúgbò mi,” ni bàbá bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bọ́ síwájú rẹ̀.

“Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin òbí,” ni akẹ́kọ̀ọ́ náà wí, “ejò tí mo mú lábẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì, tí mo fẹ́ gbé lé àwọn ọmọ yín lọ́wọ́ lónìí, kì í ṣe èyí tó jáde nínú àpótí: eyín oró méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀.”