Ilé Tí Ọmọ Kọ́

"Má fọwọ́ kàn án, wàá bà á jẹ́."

Ayàwòrán-ilé ló ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wí nídìí tábìlì. Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ló ní kí ọmọ fi páálí kọ́ ilé kékeré wá. Bàbá ti gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ọmọ, ó ti gba gọ́ọ̀mù. Ó sì ti pẹ́ tó jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń bá a fa ìlà. Gọ́ọ̀mù ń lẹ̀ mọ́ ọn níka, òrùlé wọ́ sápá kan. Ó ní àrà ni.

"Dádì, ẹ jẹ́ n kun ilẹ̀kùn."

"Iṣẹ́ àgbà ni. Máa wòran."

Ìyá ọmọ yọjú. "Ta ni tíṣà fún níṣẹ́ gan-an?"

"Ṣé ọmọ èmi tí mo yàwòrán báńkì ló máa gbé ahéré lọ síléèwé?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé páálí tò lọ bẹẹrẹ ní kíláàsì. Gbogbo wọn gún régé àfi ẹyọ kan, àwọn òbí sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́yìn wọn. Tíṣà ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé iwájú èyí tó wọ́, ó dúró.

"Ẹ̀yin òbí, ẹ wo èyí dáadáa. Òun nìkan ló hàn pé ọmọdé ló dá a ṣe, tí àgbà kankan ò dá sí i."

Ó lẹ ìràwọ̀ bébà mọ́ ọmọ náà láyà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá náà pa tirẹ̀, gọ́ọ̀mù ṣì wà léèékánná rẹ̀.

Ọmọ wo ìràwọ̀ náà títí. Ó rọra ṣí i kúrò, ó fa bàbá rẹ̀ láṣọ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà níṣojú gbogbo wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dádì."